Ìlà Kìíní Nínú Ìwé Bàbá Mi

Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ọ́: mi ò fẹ́ràn ìwé tó ń kọ́ni bí a ṣe ń ṣọ̀fọ̀. Mo sì ti ka irú rẹ̀ tó mọ́kànlélógún láàárín ọdún kan, kì í ṣe pé mo wá wọn lọ, iṣẹ́ tí mò ń ṣe jẹun ló fà á. Ní ìlú òyìnbó tí mo wà, ìlú kékeré kan tó tó ìrìn wákàtí mẹ́ta sí Lọ́ńdọ̀nù, àwọn arúgbó ni mò ń tọ́jú. Ọ̀kan nínú wọn ni Dẹ́nísì, ẹni ọdún mẹ́tàlélọ́gọ́rin. Ó ti pẹ́ tó ti ń kọ̀wé sínú ìwé ìròyìn ìlú wọn, tó ń sọ fún àwọn ará ìlú ìwé tó yẹ kí wọ́n kà àti èyí tó yẹ kí wọ́n fi dáná. Ojú rẹ̀ ti wá di bàìbàì. Èmi ni mò ń kàwé sí i létí láàárọ̀, òun á dá ẹjọ́, èmi á kọ ọ́ sílẹ̀.

Ọjọ́ kìíní tí mo dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ó ní kí n máa pe òun ní Dẹ́nísì. Èmi, ọmọ Ọ̀kà Àkókó, kí n dúró níwájú ẹni tó dàgbà ju bàbá mi lọ, kí n ní, "Dẹ́nísì, ẹ dìde, ẹ jẹ́ kí n wẹ̀ yín"? Ẹnu mi kọ̀ ọ́. Mo gbìyànjú rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, ó dà bíi pé mo fẹ́ bú u. Ní ọjọ́ kẹta mo pè é ní Bàbá Dẹ́nísì. Ó bi mí ohun tí "bàbá" túmọ̀ sí, mo sọ fún un. Ó rọra rẹ́rìn-ín, ó ní àwọn ọmọ òun méjèèjì kò tíì pe òun bẹ́ẹ̀ láti Kérésìmesì. Ẹ má sì bínú pé "ó" ni mò ń pè é nínú ìtàn yìí. Òun ló ní kí n má fi ọ̀wọ̀ pa òun.

Àwọn tó gbà mí síṣẹ́ ti kọ́kọ́ dá wa jókòó fún ọjọ́ mẹ́ta, wọ́n kọ́ wa bí a ṣe ń yí èèyàn lórí bẹ́ẹ̀dì. Obìnrin tó kọ́ wa, orin kan ṣoṣo ló ní: ohun tí ẹ kò bá kọ sílẹ̀, ẹ kò ṣe é. Bí o bá fún arúgbó ní tíì, kọ ọ́. Bí ó bá mu ìdajì, kọ ọ́. Bí ó bá bú ọ, kọ ọ́ pẹ̀lú ọ̀wọ̀. Mo ti ṣe olùkọ́ ní Ìkàrẹ́ fún ọdún mẹ́sàn-án, mo rò pé mo mọ ìwé kọ. Ìgbà tí mo dé ibí ni mo mọ̀ pé eré ni mò ń ṣe. Nígbà tí mo fi ata Ìkàrẹ́ se ọbẹ̀ fún Bàbá Dẹ́nísì ní ìgbà àkọ́kọ́, mo kọ sínú ìwé iṣẹ́ pé: "Ó jẹ gbogbo rẹ̀ tán, ó sunkún díẹ̀, ó ní kí n tún bu òmíràn wá." Ọ̀gá wa pè mí, ó béèrè bóyá kí wọ́n pe dókítà. Mo ka ìyẹn mọ́ ìṣẹ́gun mi.

Nígbà tí ọdún ń parí lọ, olóòtú ìwé ìròyìn ní kí Bàbá Dẹ́nísì mú ìwé mẹ́ta wá fún àwọn òǹkàwé, ìwé tó dá lórí ayé, àdánù àti ìbẹ̀rẹ̀ tuntun. Páálí ìwé méjì ni wọ́n kó ránṣẹ́ sí i. A jókòó tì í.

Nínú ìwé kìíní, ọkọ obìnrin kan kú. Obìnrin náà ta ilé rẹ̀, ó lọ ra ilé àtijọ́ kan sí etí òkun, òrùlé ilé náà ń jò. Káfíńtà kan wá tún un ṣe. Kí a tó dé ojú ewé igba, òrùlé kò jò mọ́, obìnrin náà kò sunkún mọ́, káfíńtà náà kò sì lọ sílé mọ́. Nínú ìwé kejì, ajá ọkùnrin kan ló kú, ó wá fi ẹsẹ̀ rìn láti ìpẹ̀kun orílẹ̀-èdè wọn kan dé ìkejì. Nínú ìkẹta, ìyá kan kú, ọmọ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í mọ ìkòkò. Ìkẹrin, etí òkun. Ìkarùn-ún, etí òkun.

Mo pa ìwé dé. "Bàbá, ṣé ẹ̀yin èèyàn yìí kò ní ẹbí ni?"

"A ní."

"Níbo ni wọ́n wà nígbà tí obìnrin yìí ń dá sunkún lórí àpáta?"

Bàbá Dẹ́nísì ronú díẹ̀. "Wọ́n fi káàdì ránṣẹ́."

Ní Ọ̀kà, bí èèyàn rẹ bá kú, wọn kì í jẹ́ kó o ráyè banú jẹ́ bó o ṣe fẹ́. Ìyàwó àbúrò bàbá rẹ á ti gba ìkòkò lọ́wọ́ rẹ. Àwọn ará ìjọ á ti kó gbogbo àga ilé rẹ síta. Ẹni tí o kò rí láti ọdún mẹ́wàá á wá jókòó tì ọ́, á máa ṣàlàyé bí òfò tirẹ̀ ṣe ju tìẹ lọ. Bí o bá wọ ilé ìgbọ̀nsẹ̀, ẹnì kan á dúró sẹ́nu ọ̀nà, á máa bá ọ sọ̀rọ̀ kó o má bàa ronú. Bí opó kan bá ní òun fẹ́ dá lọ gbé etí òkun, wọ́n á tì í mọ́lé títí wòlíì á fi dé. Mo sọ gbogbo èyí fún Bàbá Dẹ́nísì. Ó rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe é, mo sì kọ ikọ́ náà sílẹ̀.

Mò ń fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́, ṣùgbọ́n obìnrin etí òkun yẹn àti èmi jọra ju bí mo ṣe fẹ́ lọ. Bàbá mi kú, èmi náà dá sunkún. Mi ò tilẹ̀ ní káfíńtà.

Olùkọ́ ni bàbá mi. Láti Ògbàgì dé Ìkàrẹ́, Tíṣà ni gbogbo èèyàn ń pè wọ́n, títí kan màmá mi, tó jẹ́ pé bàbá mi náà ló kọ́ wọn ní ìwé lẹ́yìn ìgbéyàwó, lórí tábìlì tí a fi ń jẹun. Bírò pupa kì í kúrò lápò wọn. Nígbà tí mo wà ní ilé ẹ̀kọ́ ní Ìkàrẹ́, tí mò ń gbé inú ọgbà, bí mo bá kọ lẹ́tà sílé, bàbá mi á máàkì rẹ̀, wọ́n á dá a padà fún mi. Ìlà pupa á wà lábẹ́ àṣìṣe, máàkì nínú mẹ́wàá á wà lókè, èsì lẹ́tà á wà nísàlẹ̀. Bí lẹ́tà bá sì pẹ́ ju bó ṣe yẹ lọ, máàkì méjì ti lọ nìyẹn, ì báà jẹ́ áńgẹ́lì ló kọ ọ́. Ìdí nìyí tí mo fi máa ń parí gbogbo lẹ́tà mi pé, "Bàbá, ẹ bá mi wò ó." Mi ò gba mẹ́wàá rí.

Nígbà tí wọ́n kú, ìwé ìgbélùú mi wà lọ́wọ́ ìjọba ibí. Bí mo bá jáde, mi ò ní lè wọlé mọ́. Mo bi màmá mi bóyá kí n máa bọ̀. Wọ́n ní, "Ṣe bó o bá ṣe lè ṣe é." Ẹni tó bá gbọ́ Yorùbá mọ̀ pé ìyẹn kì í ṣe ìyọ̀ǹda. Mi ò lọ. Orí fóònù ni mo ti wo ìsìnkú bàbá mi, nínú ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ibi iṣẹ́, ní àsìkò ìsinmi ọ̀sán. Ìbátan mi kan ló di fóònù mú ní ọ̀hún. Mo rí àjà ṣọ́ọ̀ṣì. Mo rí etí ọkùnrin kan fún bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Nígbà tí wọ́n ń gbé pósí sínú ilẹ̀, ìbátan mi yí fóònù sí ojú ara rẹ̀ láti bi mí pé, "Sísítà, ṣé ẹ̀ ń ríran?" Nígbà tó fi máa yí i padà, wọ́n ti ń bu yẹ̀pẹ̀.

Oṣù méjì lẹ́yìn náà, obìnrin ará Ìṣùà kan tó wá kí ọmọ rẹ̀ ní ìlú òyìnbó bá mi gbé ẹrù wá láti ọ̀dọ̀ màmá mi: èlùbọ́, ata gbígbẹ, àti ìwé kan tí wọ́n fi ọ̀rá dúdú wé. Ìwé ìbánikẹ́dùn bàbá mi ni. Ẹni tó bá ti ṣòkú rí nílé mọ̀ ọ́n, ìwé ńlá eléèpo líle tí wọ́n ń gbé sórí tábìlì lẹ́gbẹ̀ẹ́ fọ́tò olóògbé, kí àwọn àlejò lè kọ orúkọ wọn, ibi tí wọ́n ti wá àti ọ̀rọ̀ ẹnu wọn sí i. Mo gbé e sórí kọ́bọ́ọ̀dù láìtú ọ̀rá rẹ̀. Oṣù méje ló lò níbẹ̀. Mi ò fẹ́ ka orúkọ gbogbo ẹni tó ráyè wá.

Gbogbo ọjọ́ Ìsinmi, lẹ́yìn ìsìn, ni mò ń pe màmá mi. Gbogbo ìgbà náà ni wọ́n ń béèrè.

"Ṣó o ti ṣí ìwé bàbá ẹ?"

"Mo ti ṣí i, Màmá."

"Kí lo rí lójú ewé kìíní?"

"Orúkọ àwọn èèyàn ni."

Wọ́n á ní, "Ó dáa," wọ́n á sì gbé fóònù fún Káyọ̀dé, àbúrò mi. Káyọ̀dé á bi mí bóyá yìnyín ti ń bọ́. Nígbà tó yá, wọn ò béèrè mọ́. Wọ́n wá ń kí mi bí wọ́n ṣe ń kí ìyàwó pásítọ̀, tẹ̀ríntẹ̀rín, ní ṣókí. Mo mọ̀ pé mo ti sọ nǹkan kan nù lọ́wọ́ wọn, mi ò sì mọ ohun tó jẹ́. Ẹ̀rù bẹ̀rẹ̀ sí í bà mí gidi. Bàbá mi ti lọ. Mi ò fẹ́ kí màmá mi náà lọ mọ́ mi lọ́wọ́ nígbà tí wọ́n ṣì ń mí.

Yíyan ìwé kẹta ló wá di wàhálà fún èmi àti Bàbá Dẹ́nísì. Ó ti fara mọ́ alájá àti amọ̀kòkò, ó ní alájá ṣì sàn ju àwọn yòókù lọ. Alájá ni mo pe ẹni tí ajá rẹ̀ kú. Ó ku ọ̀kan. Ó ní òun ò tún fẹ́ gbọ́ ìró ìgbì òkun kankan mọ́.

"Ní ìlú yín," ó bi mí, "kí ni ẹ máa ń kà bí ẹnì kan bá kú?"

"A kì í kà, Bàbá. Kíkọ la máa ń kọ." Mo wá ṣàlàyé ìwé ìbánikẹ́dùn fún un.

Ó gbọ́ tán, ó tẹ̀ síwájú lórí àga rẹ̀. "Ìwé kan wà tí gbogbo ìlú jọ kọ nípa ọkùnrin kan ṣoṣo, ìwọ sì gbé e sórí kọ́bọ́ọ̀dù? Gbé e wá lọ́la."

"Kì í ṣe ìwé kíkà."

"Ta ni adájọ́ ìwé nínú àwa méjèèjì?"

Mo gbé e wá. Ó kọ́kọ́ gbóòórùn rẹ̀, ó béèrè ohun tó ń rùn bẹ́ẹ̀, mo ní èlùbọ́ ni. Mo ṣí i láàárín, nítorí pé àárín kò dẹ́rù bani tó ìbẹ̀rẹ̀, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í túmọ̀ rẹ̀ fún un. Àlùfáà ìjọ kan kọ ọ̀rọ̀ gígùn nípa ìyè àìnípẹ̀kun, èèyàn mẹ́fà tó tẹ̀ lé e kọ ọ́ pé, "Bíi ti òkè." Mo rẹ́rìn-ín. Bàbá mi ì bá nà wọ́n nítorí pé wọ́n ń wòwé oníwèé. Ọkùnrin kan láti Òkè-Àgbè tó fẹ́ du ipò kọ gbogbo oyè rẹ̀ tán, ó wá fi kún un pé, "Ẹ rántí mi lọ́jọ́ ìdìbò." Awakọ̀ kan kọ ọ́ pé: "Tíṣà, ẹ nà mí ní Ògbàgì nítorí pé mo pẹ́. Mò ń wa mọ́tò báyìí, mi ò pẹ́ mọ́ láéláé." Obìnrin kan láti Ìṣùà ní kí ẹlòmíràn bá òun kọ tirẹ̀: "Ọdún mọ́kànlá ni wọ́n fi bá mi kọ lẹ́tà sí ọmọ mi. Ta ni kí n lọ bá?"

"Tún ìyẹn kà," Bàbá Dẹ́nísì wí. Mo tún un kà.

Bí mo ṣe ń ṣí ojú ewé mìíràn, ìwé ètò ìsìnkú jábọ́ láti inú rẹ̀, èyí tí wọ́n pín ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ojú ewé kẹrin rẹ̀ ni wọ́n kọ orúkọ mi sí: ọ̀rọ̀ ìdágbére láti ẹnu àkọ́bí, láti Lọ́ńdọ̀nù. Mi ò kọ nǹkan kan ránṣẹ́. Káyọ̀dé ló bá mi kọ ọ́. Ó pe bàbá mi ní ìràwọ̀ tó wọ̀ lọ́sàn-án gangan, ó pè wọ́n ní odò tí kì í gbẹ, ó pè wọ́n ní kìnnìún. Ó ní èmi, ọmọ wọn, ń sunkún lójoojúmọ́ létí odò Lọ́ńdọ̀nù. Kódà Káyọ̀dé mú mi lọ sí etí omi.

Mo kà á fún Bàbá Dẹ́nísì láìsọ ẹni tó ni ín. Ó mi orí. "Ẹni tó kọ èyí kò bá ọkùnrin náà pàdé rí."

"Èmi ni," ni mo wí. "Orúkọ mi ló wà níbẹ̀."

Ó ní, "Ibo lo ti bẹ̀rẹ̀ ìwé yìí? Adájọ́ tó bá bẹ̀rẹ̀ ìwé láti àárín, olè ni. Ṣí ojú ewé kìíní."

Mo ṣí i. Wọ́n ti fi rúlà fa ìlà sí i, wọ́n kọ nọ́ńbà sí ẹ̀gbẹ́. Nọ́ńbà kejì ni ti alàgbà kan ní ìjọ wa. Iwájú nọ́ńbà kìíní ṣófo. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, pẹ̀lú pẹ́ńsù, ni wọ́n kọ ọ́ sí: "Ẹ fi ìlà yìí sílẹ̀ fún àkọ́bí." Mo mọ ọwọ́ ìwé náà. Lẹ́tà màmá mi máa ń tẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, bàbá mi kò rí i tún ṣe títí wọ́n fi lọ. Àwọn tó lé ní igba ti wá sí ilé wa, kò sí ẹni tó fọwọ́ kan ìlà yẹn, àní ẹni tó ń du ipò pàápàá.

Ohun tó kọ́kọ́ wá sí mi lọ́kàn ni ìbínú. Ará ilé kì í kọ orúkọ sínú ìwé ìbánikẹ́dùn. Àlejò ni wọ́n ń ṣe é fún. Káyọ̀dé kò kọ tirẹ̀, màmá mi kò kọ tiwọn. Èmi nìkan ni wọ́n fi àyè sílẹ̀ fún láàárín àwọn tó wá, tó jókòó, tó mu ohun tútù, tó sì padà lọ. Mo gbé fóònù, mo wọ ilé ìdáná Bàbá Dẹ́nísì, mo pè wọ́n. Ọjọ́bọ̀ ni.

"Ta ló kú?" ni màmá mi fi bẹ̀rẹ̀.

"Kò sẹ́ni tó kú, Màmá. Mo ti ṣí ìwé."

"Ó tó oṣù méje tó o ti ń sọ ọ́."

"Irọ́ ni mo pa."

"Mo mọ̀. Bàbá ẹ kọ́ mi níwèé, wọn ò sọ mí dòmùgọ̀."

"Màmá, ìwé àlejò nìyẹn. Kí ló dé tẹ́ ẹ fi mí sínú ìwé àlejò? Ṣé mo ti di àlejò nílé wa ni?"

Mo gbọ́ adìyẹ lẹ́yìn wọn. Mo gbọ́ tí wọ́n lé e.

"Èmi náà ò mọ̀, ọmọ mi. Ṣebí ìdí tí mo ṣe ń bi ọ́ nìyẹn. Ibì kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ní kéèyàn kọ ibi tó ti wá. Mo ní kí wọ́n fi í sílẹ̀, kí n rí ohun tí wà á kọ." Wọ́n sì pa fóònù.

Mo dúró síbẹ̀ mo sunkún, mi ò sì kọ ìyẹn sínú ìwé iṣẹ́. Nígbà tí mo padà sí pálọ̀, mo bi Bàbá Dẹ́nísì bóyá ó ní bírò pupa. Ó ní kò sí adájọ́ ìwé tí kò ní in, ó na ọwọ́ sí dúrọ́ọ̀. Mo kọ́kọ́ máàkì ọ̀rọ̀ Káyọ̀dé. Mo fún un ní méjì nínú mẹ́wàá, nítorí pé ó kọ orúkọ mi bó ṣe yẹ.

Lẹ́yìn náà mo fa ìwé ńlá náà mọ́ra. Orúkọ kò ṣòro. Ọwọ́ mi dúró nígbà tó kan ibi tí mo ti wá. Níbí, ọ̀sẹ̀ kan kì í kọjá kí ẹnì kan má bi mí ibi tí mo ti wá, bí mo bá sì dá a lóhùn, á tún béèrè ìgbà tí mò ń padà. Nílé, ará Lọ́ńdọ̀nù ni wọ́n ń pè mí, ìlú tí mo ti wọ ọkọ̀ kọjá lẹ́ẹ̀mẹta. Mo ronú kan ìlú kékeré yìí. Mo ronú kan Ọ̀kà, ṣùgbọ́n Ọ̀kà ni àwọn àlejò láti ìsàlẹ̀ àdúgbò wa náà kọ. Nígbẹ̀yìn mo kọ ọ́ pé: "Inú ilé yìí." Níbi ọ̀rọ̀ ẹnu, mo kọ ọ́ pé: "Bàbá, ẹ bá mi wò ó." Mo ya fọ́tò rẹ̀, mo fi ránṣẹ́ sí fóònù Káyọ̀dé, mo ní kó fi han Màmá.

Bàbá Dẹ́nísì fi ìwé ìbánikẹ́dùn ṣe ìwé kẹta. Ó sọ ọ̀rọ̀ rere nípa rẹ̀, mo kọ ọ́ sílẹ̀ bó ṣe sọ ọ́. Olóòtú dáhùn pé ó wú òun lórí gan-an, ṣùgbọ́n ibo ni àwọn òǹkàwé ti lè rí i rà? Wọ́n yọ ọ́, wọ́n fi obìnrin etí òkun rọ́pò rẹ̀. Bàbá Dẹ́nísì bú wọn lórí fóònù. Mo kọ ọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú ọ̀wọ̀.

Ní ọjọ́ Ìsinmi, kí n tó pe ilé, fóònù mi ti dún. Màmá mi ni, wọn kì í pè mí tẹ́lẹ̀.

"Káyọ̀dé ti fi hàn mí," ni wọ́n wí. "Mo ní kó gbé e súnmọ́ mi, mo kà á fúnra mi. Bàbá ẹ ì bá fún ẹ ní mẹ́jọ."

"Mẹ́jọ péré, Màmá? Àṣìṣe wo ló wà níbẹ̀?"

"Kò sí àṣìṣe," ni màmá mi wí. "O pẹ́ kó o tó dé ni."